Kí ló so ó mọ́bẹ̀? Àwọn ọ̀nà tí à ń gbà gbé lẹ́ǹsì àtọwọ́dá ró nínú ojú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì sọ ní Òṣogbo, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kọ́ àwa tí a wá ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojú, ohun tí mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ ni èyí tí a máa ń sọ lọ́dọọdún, pé kí ẹ má ra oògùn ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú ọkọ̀, kí ẹ sì máa lọ yẹ ojú yín wò. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tó kọjá, bàbá kan tó ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba dìde, ó ní, "Dókítà, wọ́n ti fi lẹ́ǹsì sí mi lójú, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò rán an, wọ́n ní àwọn kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kí wá ló so ó mọ́bẹ̀?"

Mo dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà, ìdáhùn ọ̀hún kò sì tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí ni pé, nínú iṣẹ́ yìí, lẹ́ǹsì gan-an kọ́ ni wàhálà. Inú páálí ni lẹ́ǹsì wà, a óò ṣí i, a óò mú un. Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí yóò gbé e ró lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú ti ń dá láti ohun tó lé ní ọdún 70 sẹ́yìn, orí ìbéèrè bàbá télọ̀ yẹn ló dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ilé náà. Ẹyinjú àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níwájú pátápátá ni kọ́níà wà, awọ tó mọ́ gaara bíi dígí fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni áírísì, òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká. Lẹ́yìn áírísì ni lẹ́ǹsì tí a bí mọ́ni wà, ó rí pẹlẹbẹ bíi hóró ẹ̀wà ńlá, inú àpò kan ló sì wà, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju awọ tín-ín-rín tó máa ń wà láàárín ìpele àlùbọ́sà lọ. Àpò náà kò dá dúró o. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún okùn tí ojú lásán kò lè rí ló ta á yíká láti etí rẹ̀ lọ sára ògiri ojú, bí ọṣán ṣe ń fa awọ dùndún le láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Lẹ́yìn àpò ni ohun kan tó ń fà bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù kún inú ojú, tí rẹ́tínà, awọ tó ń gba àwòrán, sì tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí lẹ́ǹsì inú àpò yìí bá di funfun, tí ìmọ́lẹ̀ kò rí inú rẹ̀ gbà kọjá mọ́, òun ni à ń pè ní kàtáráàtì. Iṣẹ́ abẹ tí à ń ṣe sí i báyìí ni pé a óò la ẹ̀gbẹ́ ojú díẹ̀, a óò gé ihò róbótó sí iwájú àpò, a óò kó lẹ́ǹsì tó ti bàjẹ́ jáde, a óò sì fi àpò sílẹ̀ síbi tó wà. Inú àpò tó ṣófo yẹn ni lẹ́ǹsì àtọwọ́dá ń wọ̀. Àárín lẹ́ǹsì náà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ, ṣùgbọ́n ó ní apá méjì tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, tó fi jẹ́ pé bí a bá wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, ó tó mìlímítà 13. Àwọn apá yìí a na ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpò yóò ti súnkì mọ́ wọn. Bàbá télọ̀, ìdáhùn tiyín nìyẹn. Àpò tí Ọlọ́run dá mọ́ yín ló dì í mú, kò sì sí òwú kankan tó dára tó o.

Kí ọgbọ́n yìí tó dé, àwọn tó ń tọ́jú ojú ní Íńdíà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú a máa fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀gbẹ́ ojú, wọn a sì ti lẹ́ǹsì tó funfun náà ṣubú sẹ́yìn. Okùn a já, lẹ́ǹsì àti àpò rẹ̀ a rì sínú ojú. Aláìsàn a rí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó a sì yọ lápò ẹbí, ṣùgbọ́n nígbà tó bá yá, ojú a wú, ìfúnpá inú rẹ̀ a ga, èyí tó kù nínú ìríran a sì bá a lọ. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ ni mò ń sọ. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 lórí àwọn ẹni 40 ọdún sókè, ó lé ní 40 nínú 100 ojú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kàtáráàtì fún tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi tì í. Nítorí ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí, ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti pàdánù àpò, ó sì ti pàdánù okùn. Bó bá wá bá wa lẹ́yìn náà, kò sí ibi tí a óò gbé lẹ́ǹsì lé mọ́ àfi ká bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n mìíràn.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn ni Harold Ridley, dókítà ojú ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àfọ́kù ike tí wọ́n fi ń ṣe ìbòrí ọkọ̀ òfurufú ogun ń wọ ojú àwọn awakọ̀ òfurufú, Ridley sì rí i pé ike náà lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé ojú bá a jà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó fi lẹ́ǹsì tí wọ́n fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe sí obìnrin kan lójú. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà kò gbà á, wọ́n ń bá a fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 2000 ni wọ́n tó fi oyè dá a lọ́lá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Ojú gba ike náà, lóòótọ́, àmọ́ lẹ́ǹsì Ridley wúwo, kò sì ní apá, nítorí náà nínú àwọn tó fi sí, àwọn kan yẹ̀ kúrò ní ipò wọn, wọ́n sì já sẹ́yìn ojú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá ni ìbéèrè télọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ní báyìí, kí ló ń fa kí àpò tàbí okùn má wúlò mọ́? Ọjọ́ ogbó lè sọ okùn di aláìlágbára. Àwọn kan wà tí a bí àìlera okùn mọ́, bí àwọn tó ní àìsàn Marfan, tí wọ́n sábà máa ń ga, tí ìka wọn sì gùn. Nígbà mìíràn, àpò a ya mọ́ oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi náà kò sì yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá bá wa jù ni ìpalára: igi ìdáná tó ta séni lójú, òkúta, bọ́ọ̀lù, ìkúùkù, àti pàṣán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú sí mi o, pàṣán tí a nà sí ẹ̀yìn ọmọ, tí ọmọ wá yí ojú síbi tí pàṣán ń bọ̀, ti já ọ̀pọ̀ okùn ojú nílẹ̀ yìí.

Bí okùn bá já ní apá kan péré, a kì í sọ ìrètí nù lórí àpò. Ẹni tó bá ti rí ibi tí àwọn ìyá aláró ti ń sá àdìrẹ ní Òṣogbo yóò mọ̀ pé bí èèkàn kan bá yẹ̀ lára ọ̀pọ̀, aṣọ a rọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀pá kan na aṣọ náà láti inú, àwọn èèkàn tó kù yóò pín ẹrù náà gbé. Ohun tí a ń lò nínú ojú ni òrùka ike kan tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, tí a ń rọra yí wọ inú etí àpò, tí ó sì ń nà án yíká. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí ibi tó já bá ju bí ìdámẹ́ta etí àpò lọ, òrùka lásán kì í sábà tó. Irú òrùka tí dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Cionni ṣe, tó jáde ní ọdún 1998, ní ìkọ́ kékeré tó ní ihò, tí a lè fi òwú so mọ́ awọ funfun ojú.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn àpò ló ya, tí iwájú rẹ̀ ṣì pé, tí okùn rẹ̀ sì le, a kì í gbé lẹ́ǹsì sínú rẹ̀ mọ́, iwájú rẹ̀ ni à ń gbé e lé, lábẹ́ áírísì, ìyẹn sì dára púpọ̀. Lẹ́ǹsì náà ti súnmọ́ iwájú díẹ̀ báyìí, torí náà a máa ń dín agbára rẹ̀ kù ní ìdajì dáyọ́pítà (ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára lẹ́ǹsì) sí ẹyọ kan, kí aláìsàn má baà wá di ẹni tí kò rí ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí kò bá wá sí àpò rárá ńkọ́? Ibi mẹ́ta ló kù nínú ojú tó le tó láti gbé lẹ́ǹsì: igun tó wà níwájú, níbi tí kọ́níà àti áírísì ti pàdé, áírísì fúnra rẹ̀, àti awọ funfun tó yí ojú ká.

Ti igun iwájú ló rọrùn jù láti ṣe, òun náà ló sì fa ìbànújẹ́ jù. A ó kàn gbé lẹ́ǹsì síwájú áírísì ni, apá rẹ̀ yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ igun náà. Àwọn oríṣi kan tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1980, tí apá wọn dì bí òrùka, ba kọ́níà ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Awọ tó wà ní ẹ̀yìn kọ́níà kì í hù padà bó bá ti kú, kọ́níà a sì gba omi, a di funfun, ìrora a bẹ̀rẹ̀. Apá èyí tí à ń lò báyìí ṣí sílẹ̀, ó sì rọ̀, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ n kì í fẹ́ fi sí ojú ọ̀dọ́, nítorí ẹni 25 ọdún ṣì ní 50 ọdún tí kọ́níà rẹ̀ yóò fi bá lẹ́ǹsì náà gbé.

Ti áírísì ni ọgbọ́n Jan Worst, ará Nẹ́dálándì, ní ọdún 1978. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ní èékánná méjì bíi ti akàn, tí a fi ń já áírísì mú fínnífínní ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Òwú kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá. Àwọn kan wá rí i pé ó dára kí a gbé e sí ẹ̀yìn áírísì dípò iwájú, kí ó lè jìnnà sí kọ́níà, kí áírísì sì bò ó mọ́lẹ̀. Fún àgbàlagbà tí áírísì rẹ̀ dá pé, tí a kò sì fẹ́ kó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí ni èmi máa ń kọ́kọ́ rò. Àmọ́ ojú tí pàṣán tàbí igi bà jẹ́ kì í sábà ní áírísì tó pé.

Ó wá ku awọ funfun, níbi tí iṣẹ́ télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ti ń rán apá lẹ́ǹsì mọ́ ọn. Òwú tí wọ́n ń lò ni polípírópílíìnì, irú ike kan, tí wọ́n ń pè ní 10-0, tí kò nípọn ju bí ìdámẹ́ta irun orí lọ. A óò so òwú mọ́ apá lẹ́ǹsì, abẹ́rẹ́ gígùn yóò gba inú ojú kọjá, yóò jáde lára awọ funfun, a óò sì ta kókó níbẹ̀. Ó dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti sá aṣọ sórí okùn ike nínú oòrùn fún ọdún pípẹ́ mọ bí okùn ike ṣe ń gbó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà mìíràn lẹ́yìn mẹ́wàá, òwú 10-0 yẹn a já ní ojú àwọn kan, pàápàá ojú ọ̀dọ́, lẹ́ǹsì a sì fì síbi kan bíi fèrèsé tí ìdè rẹ̀ kan ti bọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi lọ sórí òwú 9-0, tó nípọn díẹ̀ jù ú lọ, tàbí òwú mìíràn tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex, tí wọn kò ṣe nítorí ojú, ṣùgbọ́n tí kì í yára já. Wàhálà kejì ni kókó. Kókó tí kò bá wọnú awọ máa ń gún ìpéǹpéjú, ó sì lè ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò láti wọ inú ojú.

Àwọn kan wá bi ara wọn pé, ṣé òwú náà pọn dandan ni? Ní nǹkan bí ọdún 2006, dókítà ojú kan, Gabor Scharioth, gbé e kalẹ̀ pé kí a fa apá lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ jáde, kí a sì tì í bọ inú ihò tóóró kan tí a gbẹ́ sínú awọ funfun. Amar Agarwal ní Íńdíà fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe láti inú ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kún un, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2008. Nítorí náà, bàbá, ìgbà tí ẹ dárúkọ gọ́ọ̀mù, ẹ kò ṣì í.

Èyí tó gba ọkàn mi jù ni ti Shin Yamane, dókítà ará Japan, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2017. Mo fẹ́ rọra ṣàlàyé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì ni à ń lò, irú èyí tí ó ní ihò nínú, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdámẹ́ta mìlímítà kan lọ. A óò sàmì sí ibi méjì tó dojú kọ ara wọn gẹ́lẹ́, mìlímítà 2 sí ẹ̀yìn etí kọ́níà. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wọlé, kì í sì í wọlé tààrà o, yóò kọ́kọ́ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nínú awọ funfun kí ó tó yọ sínú ojú, kí awọ náà lè di apá lẹ́ǹsì mú lẹ́yìn náà. Lẹ́ǹsì yóò ti wà nínú ojú nígbà yìí. A óò fi ẹ̀mú kékeré mú ṣóńṣó apá kìíní, a óò tì í bọ ihò abẹ́rẹ́ kìíní. A óò ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá kejì, èyí tó máa ń mú òógùn bo ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́, nítorí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí a máa wá ihò abẹ́rẹ́ nínú ojú tó ń mì kò yàtọ̀ sí kí a máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lórí alùpùpù. Bí a bá wá fa abẹ́rẹ́ méjèèjì jáde, apá lẹ́ǹsì yóò bá wọn yọ síta. Iná kékeré ni yóò wá kan ṣóńṣó rẹ̀, ike yóò yọ́, yóò sì di orí róbótó bí orí ìṣó. A óò ti orí yẹn wọlé padà títí yóò fi wà nínú awọ funfun. Kò lè bọ́ sínú mọ́, nítorí orí rẹ̀ tóbi ju ọ̀nà tó gbà lọ. Òwú kò sí, kókó kò sí, gọ́ọ̀mù kò sí.

Ẹ má rò pé kò ní àléébù. Nínú 100 ojú tí Yamane fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ròyìn, áírísì ká lẹ́ǹsì mọ́ nínú 8, ẹ̀jẹ̀ sì dà sẹ́yìn ojú nínú 5. Bí abẹ́rẹ́ kan bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì ní igun tàbí ní ìwọ̀n, lẹ́ǹsì yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, aláìsàn yóò sì máa rí nǹkan ní ìdàrúdàpọ̀. Ó tún ní irú lẹ́ǹsì tó gbà, èyí tí apá rẹ̀ jẹ́ lílẹ̀ mọ́ ọn, tí kò sì ń tètè kán bí a bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ǹsì ẹlẹ́yọ kan, tí òun àti apá rẹ̀ jẹ́ odindi kan ṣoṣo, tó wọ́pọ̀ nínú àpótí wa, kò ṣe é lò fún un. Bí a kò bá rí ojúlówó irinṣẹ́, mo rò pé ó sàn kí a fi ojú náà sílẹ̀ láìní lẹ́ǹsì fún oṣù díẹ̀, kí aláìsàn máa lo awò tó nípọn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é léraléra. Ìkánjú láti parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ti ba ojú tó ṣeé tún ṣe jẹ́.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan bi mí bóyá ẹni tí wọ́n ṣe irú èyí fún lè foríbalẹ̀ kírun, bóyá ó sì lè ru igbá. Mo ní kó ṣe sùúrù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kó fi àga kírun, kí ẹlòmíràn bá a ru ẹrù, kó sì bi dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà kó tó padà sí i. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé ni fífi ọwọ́ ra ojú náà kíkankíkan. Bí ojú bá sì ṣàdédé pọ́n, tó ń dùn ún, tàbí tó bá ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì, kó má dúró di ọjọ́ kejì.

Bàbá télọ̀ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí òwú 10-0 yẹn. Mo mú ọ̀kan tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá dání, mo ya ọ̀rá rẹ̀, mo nà án sí i. Ó gbé e sókè sí ẹnu fèrèsé, ó wò ó, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fọwọ́ pa á síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Dókítà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni mo rí. Ṣé òwú wà lára rẹ̀?"